Ẹ Jẹ́ Kó Tẹríba Kó Máa Lọ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́. Bí mo bá jókòó, n kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi yóò tún gbé mi dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀ pé Ọnọ́rébù tún ti dé, ó fẹ́ wá sọ̀rọ̀ òṣèlú nínú ilé Ọlọ́run, ẹ fara balẹ̀. N kò wá tọrọ ìbò. Ẹ̀rù ló gbé mi wá síwájú pẹpẹ yìí, ẹ̀rù náà kò sì tíì kúrò lára mi.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Fọláṣadé tí ẹ rán lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá. Ẹ sì mọ ibi tí mò ń jókòó sí níbẹ̀, nítorí ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣóńṣó gèlè mi nìkan lẹ máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Òótọ́ ni. Ọwọ́ ẹ̀yìn pátápátá ni àga mi wà, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí mi lọ́rùn. Àga náà tutù débi pé mo ní láti gbé tìmùtìmù olódòdó láti ilé lọ síbẹ̀. Àwọn àgbà ilé ló ń jókòó níwájú. Kí wọ́n tó pe ẹni ẹ̀yìn kó sọ̀rọ̀, yóò nawọ́ títí apá yóò fi ro ó.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fún mi láyè. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, Mínísítà ètò òwò yóò wá síwájú ilé láti dáhùn ìbéèrè, èmi ni n óò sì kọ́kọ́ bi í. Ẹ mọ Mínísítà náà. Akínwálé wa ni. Ọmọ ìjọ yìí ni. Òun ló fi páànù kan orí òrùlé tó bò wá yìí. Ìyá rẹ̀ ló jókòó níwájú yìí, Màmá Akin, tó gbà mí tọ́ nígbà tí ìyá mi kú. Abọ́ kan náà ni èmi àti Akínwálé fi jẹun dàgbà. Tí Màmá bá bu ẹran kan fún àwa méjèèjì, Akin ló máa ń pín in, èyí tó tóbi ló sì máa ń fún mi. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ló ń pa mí lẹ́kún.

Ìbéèrè mi kò le. Oògùn kòkó kan ń wọlé láti òkè òkun, inú kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ewé ló máa ń wà. Àwọn tó ń ṣe é kò jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ tiwọn fọ́n ọn. Ta ló fọwọ́ sí i pé kó wọ ilẹ̀ wa? Kí ló dé tí wọn kò dá a dúró nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú? Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ ẹni tí mò ń tìtorí rẹ̀ béèrè. Bàbá Sámúẹ́lì, tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, fọ́n oògùn yẹn lóko rẹ̀ ní Abà Odò. Ó délé, ó ní ojú òun ń ṣú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò lè mí. Ẹ̀yin lẹ bá mi gbé e wọ mọ́tò, kò sì padà wálé mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó nítòsí òpó lọ́hùn-ún yẹn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, àkókò àtifọ́n kòkó ti dé, oògùn kan náà ni Sámúẹ́lì ọmọ rẹ̀ fẹ́ pọn sẹ́yìn lọ sóko. Kò sí òmíràn lọ́jà.

Ṣùgbọ́n a ní àṣà kan nílé ìgbìmọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí mo rí. Bí èèyàn ńlá bá dé iwájú wa láti dáhùn ìbéèrè, ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ láàárín wa yóò dìde. Yóò ní, "Ọmọ wa ni. A mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo dá a lábàá pé kó tẹríba kó máa lọ." Abẹnugan yóò béèrè pé ta ló kín in lẹ́yìn. Ẹlòmíràn yóò nawọ́ sókè pé òun kín in lẹ́yìn. Abẹnugan yóò ní, "Ẹ gbà bẹ́ẹ̀?" Gbogbo ilé yóò pariwo pé "Bẹ́ẹ̀ ni!", a ó sì máa fọwọ́ lu tábìlì. Ẹni náà yóò tẹríba, yóò máa lọ sílé rẹ̀. A kò ní bi í ní nǹkan kan. Àpọ́nlé la pè é.

Lọ́jọ́ Ẹtì, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú wa nílé ìgbìmọ̀ pè mí sórí fóònù. Ó ní, "Ṣadé, ìlú kan náà ni ìwọ àti Mínísítà. Ìwọ ló kàn láti dìde. Gbàgbé ìbéèrè oògùn kòkó yẹn, sọ pé ọmọ yín ni, kó tẹríba kó máa lọ. Àbí ọwọ́ òsì lo fẹ́ fi júwe ilé bàbá rẹ?"

Mo ní n óò gbàdúrà sí i. Ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn lẹ́nu olóṣèlú. Ó túmọ̀ sí pé mo ti gbà, ojú ló ń tì mí.

Nígbà tí mo délé ní àárọ̀ àná, mo bá díẹ̀ nínú àwọn àgbà ìjọ yìí ní pálọ̀ mi. N kò ní dárúkọ wọn, wọ́n ń wo ilẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n bá wá. Wọ́n ní, "Ọnọ́rébù, ọmọ wa kan ṣoṣo tó débẹ̀ nìyẹn o. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín." Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Mo wọ aṣọ àdúrà mi, mo bọ́ bàtà, mo wá sí ilẹ̀ àánú, ojú yanrìn tí a ti ń gbàdúrà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ọ̀sán ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, yanrìn ṣì tutù. Ààwẹ̀ ni mo wà. Mo dojú bolẹ̀, mo ní, "Olúwa, Akin ni kí n ṣẹ̀ ni, àbí Sámúẹ́lì? Sọ fún mi, nítorí mo ti mọ èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí." Mo gbàdúrà títí ohùn mi fi wọlẹ̀. Níbẹ̀ ni oorun ti gbé mi.

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Dìde, ará ẹ̀yìn."

Mo gbójú sókè, mo rí obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, etí aṣọ rẹ̀ tutù bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la odò kọjá. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní, "Máa tẹ̀lé mi. Ohun tí o bá rí, wò ó. Ṣùgbọ́n má ṣe la ẹnu rẹ àyàfi bí wọ́n bá bi ọ́." Mo ní mo gbọ́. Ẹ̀yin ará, bí mo bá ti pa àṣẹ yẹn mọ́ ni, n kì bá máa gbọ̀n báyìí.

A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa kan. Òórùn ló kọ́kọ́ kí mi. Mo mọ òórùn náà. Òórùn kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ewé ni, èyí tó wà lára aṣọ Bàbá Sámúẹ́lì lọ́jọ́ tí a gbé e, tí kò kúrò nínú mọ́tò mi títí mo fi tà á. Ọ̀fun mi ń ta mí. Mo fẹ́ béèrè ibi tí a ń lọ, mo rántí àṣẹ, mo dákẹ́.

A dé ibì kan tí wọ́n fi igi dábùú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ti ẹnubodè. Àwọn èèyàn tò síwájú igi náà nínú oòrùn tí kò wọ̀ rí, olúkúlùkù ru ẹrù tó ń jó lórí rẹ̀, iná náà ń kán sí wọn léjìká. Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohùn kan ń dá wọn lóhùn lẹ́yìn igi náà pé, "Ẹ padà wá lọ́la." Mo rí ọkùnrin kan tó wó lulẹ̀ lábẹ́ ẹrù rẹ̀, ẹrù náà gbé ara rẹ̀ dìde, ó sì tún padà sórí rẹ̀. Amọ̀nà mi ní, "Àwọn wọ̀nyí ti ẹnubodè mọ́ àwọn aláròóbọ̀, wọ́n sì ṣí i fún ọkọ̀ tiwọn. Ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ opó ló wà lórí wọn."

A kọjá lára àwọn alágbèrè. N kò ní sọ púpọ̀ nípa wọn, nítorí mo rí àwọn tí mo mọ̀, mo sì mọ àwọn ìyàwó wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dá wọn lóró kì í ṣe iná nìkan. Ẹkún ẹni tí wọ́n dà nílé ló ń dún sí wọn létí láìdáwọ́ dúró. Wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì di etí wọn, inú orí wọn gan-an sì ni ẹkún náà wà. Ọ̀kan nínú wọn rí mi, ó yíjú kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn la dé ọ̀dọ̀ àwọn òpùrọ́. Wọ́n dúró sẹ́yìn máìkì, wọ́n wọ agbádá, ahọ́n wọn ti wú kún ẹnu. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ẹ̀yin ará, òùngbẹ tí èmi tí n kò mu nǹkan kan láti òwúrọ̀ kò lè ṣàpèjúwe. Odò kan ń ṣàn níwájú wọn níbẹ̀, ẹnìkan sì dúró sẹ́bàá odò náà pẹ̀lú igbá, ó ń bi wọ́n pé, "Kí lẹ fẹ́?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní láti sọ. Omi. Mo rí i tí wọ́n ń tiraka, tí iṣan ọrùn wọn ń yọ síta. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá la ẹnu, ohun tó ń jáde ni, "Ọ̀rọ̀ náà ti wà níwájú ìgbìmọ̀." Tàbí, "A ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀." Ẹni tó gbé igbá dání yóò da omi náà padà sódò, yóò sì tún bi wọ́n. Amọ̀nà mi ní, "Èdè tí wọ́n fi dá àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ lóhùn láyé nìyẹn. Kò sí èdè mìíràn lẹ́nu wọn mọ́." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo sì rí i pé omijé ni mò ń da.

Mo rò pé ó ti tán. Ó ní, "Wọlé síhìn-ín."

Ilé ìgbìmọ̀ wa ni! Òrùlé rẹ̀ ni, àga rẹ̀ ni, ìlà tábìlì rẹ̀ ni, àfi pé irin ni tábìlì náà, irin náà sì pọ́n bí ẹyín iná. Àwọn aṣòfin jókòó sídìí rẹ̀, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú, wọn kò lè dáwọ́ dúró, awọ ọwọ́ wọn ń bó mọ́ irin, ọwọ́ tuntun ń hù, wọ́n tún ń lù ú, wọ́n ń ké "Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!" Ohùn yẹn kò jọ ohùn ẹni tó gbà. Ohùn ẹni tí wọ́n ń pa ni. Láàárín ilé, àwọn èèyàn ńlá ń rìn yípo, wọ́n tẹríba, àgbọ̀n wọn lẹ̀ mọ́ àyà, wọn kò lè gbé ọrùn sókè, wọ́n ń forí gbá ògiri, wọ́n ń forí gbá ara wọn, wọ́n ń lọ.

Mo gbàgbé àṣẹ. Mo ní, "Níbo ni wọ́n ń lọ?"

Amọ̀nà mi ní, "Wọ́n ní kí wọ́n tẹríba kí wọ́n máa lọ. Wọn kò tíì dé."

Mo fẹ́ sá jáde. Bí mo ṣe yíjú sí ẹnu ọ̀nà, mo rí àga kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, lọ́wọ́ ẹ̀yìn pátápátá. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí rẹ̀. Irin tábìlì iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni. Tìmùtìmù olódòdó kan wà lórí àga náà. Ẹ̀yin ará, mo mọ ẹni tó ran tìmùtìmù yẹn, nítorí èmi ni mo ra aṣọ rẹ̀. Mo ké, mo sá, n kò wo ẹ̀yìn, mo ń ṣubú, mo ń dìde, mo ń pe Jésù, mo ń pe ìyá mi tó ti kú, mo ń pe Màmá Akin pé kí wọ́n wá gbé mi, àgbà obìnrin bíi tèmi, mò ń ké bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà.

Odò kan ló dá mi dúró. Omi rẹ̀ mọ́ dé ìsàlẹ̀. Amọ̀nà mi ti wà ní òdì kejì, ó na ọwọ́ sí mi, mo la omi náà kọjá, òórùn oògùn yẹn sì kúrò nímú mi pátápátá. Mo mí. Ẹ wo bí èémí ṣe dùn tó, ẹ̀yin ará, tí a kì í kà á sí nǹkan kan.

Ilẹ̀ ìsinmi ni mo dé. Ìbòòji tutù wà níbẹ̀, bí ìbòòji abẹ́ kòkó tó ti dàgbà, tí ewé rẹ̀ ti pàdé lókè. Àwọn olódodo jókòó, kò sí ẹni ẹ̀yìn láàárín wọn. Ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó sí, iwájú ni. Ẹnìkan wà láàárín wọn tí n kò lè wo ojú rẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀. Mo rí ìyá arúgbó kan tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè gbọ́ ọ. Ẹni tí mo sọ yìí dìde lórí ìtẹ́, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, ó sì dá a lóhùn. Kò kánjú. Ó dáhùn títí ìyá náà fi mí kanlẹ̀ tó ní, "Ó ti yé mi." Ìyẹn ni ìsinmi wọn. Kò sí ìbéèrè kankan tí wọ́n dá padà fún wọn.

Mo gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ kan tó ń kọrin lábẹ́ ìbòòji, mo sì yíjú síbẹ̀, nítorí kò sí ohùn bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ wa mọ́. Bàbá Sámúẹ́lì ni. Ojú wọn mọ́, ẹnu wọn gbẹ, wọ́n ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n rí mi, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Háà, Ọnọ́rébù wa! Ẹ kú ìrìn o."

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Sámúẹ́lì ńkọ́? Òjò ti dé lọ́hùn-ún, àbí? Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n kòkó?"

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, ẹ̀rù sì bà mí pé bí mo bá la ẹnu, "a ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀" ni yóò jáde.

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Gbogbo ohun tó dùn mí láyé ni mo ti bi Olúwa, ó sì ti dá mi lóhùn. Ó ku ẹyọ kan. Ó ní ìyẹn kò sí lọ́wọ́ òun, pé mo ti fi rán yín." Wọn kò bínú sí mi. Ìbá sàn kí wọ́n bínú.

Amọ̀nà mi fà mí dìde, ó mú mi lọ sí ẹnu àlà tó wà láàárín ibi méjèèjì. Tábìlì kékeré kan wà níbẹ̀, ẹnìkan tó dà bí adájọ́ jókòó sídìí rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó dé fìlà sí apá òsì bí àwọn ọmọ ìlú wa ṣe ń dé e. Adájọ́ bi í pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló fọwọ́ sí i?"

Ìbéèrè mi ni. Èyí tí mo fẹ́ gbàgbé gan-an ni.

Òógùn ń ṣàn lọ́rùn ọkùnrin náà. Mo rí i tó mí sínú, tó gbé orí sókè, tó la ẹnu. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ará. Ó fẹ́ dáhùn. Òtítọ́ ti dé etí ètè rẹ̀. Àsìkò yẹn ni mo rí àpá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, àpá ọjọ́ tó jábọ́ lórí igi máńgòrò tó gùn láti já èso fún mi, mo sì mọ̀ pé Akínwálé ni, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, ó ṣe mí gidi, n kò fẹ́ kí ojú tì í lójú ìta, apá mi sì ti lọ sókè kí n tó mọ̀, bó ṣe máa ń lọ sókè nílé ìgbìmọ̀, ẹnu mi sì ti là, mo ní, "Ọmọ wa ni! A mọ̀ ọ́n dáadáa! Mo dá a lábàá pé kó tẹríba kó máa lọ!"

Adájọ́ gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ta ló kín in lẹ́yìn?"

Láti ìsàlẹ̀, láti inú ilé irin yẹn, láti ọ̀dọ̀ àwọn òpùrọ́, láti ẹnubodè, ohùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún hó lẹ́ẹ̀kan náà: "A kín in lẹ́yìn!"

"Ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Ọwọ́ wọn ń ró lórí irin.

Akin pa ẹnu dé. Ó tẹríba. Mo ń retí kó gbé orí sókè, kò gbé e sókè. Àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìsàlẹ̀, fìlà rẹ̀ já bọ́, kò lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo sáré tẹ̀ lé e, ilẹ̀ kò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Mo ké pé, "Akin, dáhùn! Dá wọn lóhùn!" Kò gbọ́. Mo yí sí adájọ́, mo ní, "Mo fa àbá mi padà! Ẹ jọ̀ọ́, mo fà á padà!"

Adájọ́ ní, "Ta ló kín in lẹ́yìn?"

Ìsàlẹ̀ dákẹ́. Gbogbo ariwo yẹn dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ bò ó. Mo yíjú sí ilẹ̀ ìbòòji, mo rí Bàbá Sámúẹ́lì tó dúró lẹ́bàá odò, omijé ń bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ nǹkan kan. Mo wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ amọ̀nà mi, mo ní, "Ṣé kò sí ẹnìkan ni? Ẹyọ ẹnìkan?"

Ó ní, "Àwọn ará ìhín kò ní ohùn lórí ẹni tó ṣì wà láyé."

Mo di aṣọ rẹ̀ mú. "Ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà. Ohun tó ń bọ̀ lo rí. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi èèyàn láyé, àánú ni. Ó ṣì lè dáhùn, ó ṣì lè tún un ṣe. Ẹni tí wọ́n bá fi àpọ́nlé gbà á lọ́wọ́ ìbéèrè, ibí ni yóò wá gbé e bọ̀. Padà lọ. Wá ẹnìkan tí yóò kín ọ lẹ́yìn." Ó fa aṣọ rẹ̀ yọ lọ́wọ́ mi.

Mo jí. Ẹnu mi kún fún yanrìn, oòrùn ti ń wọ̀, fóònù mi sì ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé olórí ẹgbẹ́ wa ni, mo fẹ́ jẹ́ kó dún tán. Akínwálé ni. Ó ní, "Ṣadé, wọ́n ní ìwọ lo máa dìde fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo dúpẹ́ o. Mo mọ̀ pé o kò ní jẹ́ kí wọ́n fi mí wọ́lẹ̀." Mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Kí ló dé? Ṣé kò sí wàhálà?" Mo ní, "Akin, báwo ni ọrùn rẹ?" Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ? Láti ọ̀sán yìí ló ti ń dùn mí. Kò ṣe é gbé sókè."

Ẹ̀yin ará, ìkìlọ̀ tí mo jí bọ̀ nìyí, gbogbo wa ló sì kàn. A ti sọ "ọmọ wa ni" di aṣọ tí a fi ń bo òkú. Bàbá tó ń lu ìyàwó rẹ̀ nínú ìjọ yìí, a ní kó tẹríba kó máa lọ. Èmi pàápàá, ẹ dìbò fún mi, kò sẹ́ni tó bi mí ohun tí mo ń ṣe lọ́hùn-ún, ẹ kàn ń fi gèlè mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ máa bi mí. Nítorí Ọlọ́run, ẹ máa bi mí kí ó tó pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo òkè báyìí, tí ẹ ń ka páànù òrùlé, òjò kò ní pa wá nínú ilé yìí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó Bàbá Sámúẹ́lì jókòó sábẹ́ páànù kan náà.

Màmá mi. Ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín fún mi lóúnjẹ. Bí mo bá dìde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo bi ọmọ yín ní ìbéèrè lójú gbogbo ayé, wọ́n á ní mo dalẹ̀, wọ́n á lé mi jáde nínú ẹgbẹ́, ẹ̀yin náà sì lè sọ pé kí n má wọ ilé yín mọ́. Bí n kò bá bi í, mo ti rí ibi tó ń lọ. Mo rí i, Màmá. N kò lè dá a ṣe. Èmi tí mò ń pariwo yìí, apá mi ti mọ ọ̀nà kan ṣoṣo láti lọ sókè, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí wọ́n bá pè mí, "ọmọ wa ni" ni n óò tún sọ. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tí yóò kín àbá burúkú lẹ́yìn. Níhìn-ín, nínú ilé Ọlọ́run, mo dá a lábàá pé kí a bi Akínwálé. Ta ni yóò kín mi lẹ́yìn?

Ẹ ò dáhùn. Irú ìdákẹ́jẹ́ tí mo gbọ́ níbẹ̀ nìyí. Òun gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹnìkan péré.

Ẹ bá mi di Màmá mú, wọ́n fẹ́ dìde. Màmá, ẹ rọra, ẹ gbá àga mú. Ṣé ẹ fẹ́ jáde ni? Ẹ dákẹ́ ná, akọrin, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ẹ ò gbọ́. Màmá nawọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ni. Bi í."